Gbígbé Fáìlì Ìkànnì Lọ sí Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ." Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ rí fún ẹni tí ó bá fẹ́ kí ayé ka ohun tí òun kọ. Kí ó tó máa polongo orúkọ ìkànnì rẹ̀ fún ará àti ọ̀rẹ́, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wo ilé tí ìkànnì náà yóò máa gbé, ọ̀nà tí yóò gbà dé ibẹ̀, àti ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ lẹ́yìn tí ó bá dé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń ka ìkànnì lójoojúmọ́ lórí tẹlifóònù, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó mọ bí ìwé tí a kọ nínú yàrá kan ní Abẹ́òkúta ṣe ń di ohun tí ẹni tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè ṣí kà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yéni yékéyéké, ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ ọmọbìnrin kan tí ìyá àgbà rẹ̀ jẹ́ aláró. Nígbà ìsinmi, ọmọ náà jókòó ti ìyá àgbà, ó sì ń kọ gbogbo ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀: bí a ṣe ń gún ewé èlú, bí a ṣe ń sẹ́ omi eérú, bí a ṣe ń fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ lafún ya iṣẹ́ ọnà sára aṣọ kí a tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ó kọ orúkọ àwọn iṣẹ́ ọnà adìrẹ ẹlẹ́kọ, bíi Olókun àti Ìbàdàndùn, ó sì ya àwòrán 40. Nígbà tí ó padà sí ilé-ìwé, ó fi gbogbo rẹ̀ ṣe ìkànnì olójú-ewé 6 sínú kọ̀ǹpútà. Ìyá àgbà gbọ́, ó bi í léèrè pé, "Ọmọ mi, níbo ni o fẹ́ kó ọ̀rọ̀ ẹnu mi lọ? Ta ni yóò sì máa bá wa ṣọ́ ọ níbẹ̀?" Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní, "Màmá àgbà, ẹ fọkàn balẹ̀. Ilé kan wà tí wọ́n ń gbé irú rẹ̀ sí." Ìdáhùn náà dára, ṣùgbọ́n kò tíì tó. Ìbéèrè méjì ni ìyá àgbà béèrè, ọ̀kan péré ni ọmọ rẹ̀ dáhùn.

Kí ni ìkànnì gan-an? Ìkànnì kì í ṣe afẹ́fẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe iwin. Àkójọ fáìlì ni. Àwọn kan nínú fáìlì wọ̀nyí jẹ́ ojú-ewé tí a fi èdè HTML kọ. Àwọn kan jẹ́ àwòrán. Òmíràn sì wà tí ó ń sọ àwọ̀ àti ìrísí tí ojú-ewé yóò ní. Níwọ̀n ìgbà tí àwọn fáìlì náà bá wà nínú kọ̀ǹpútà ẹni tí ó ṣe wọ́n nìkan, wọ́n dà bí ọjà tí a tì mọ́ inú ìyẹ̀wù: ó lè dára títí, kò sí oníbàárà tí yóò rí i. Kí ayé tó lè rí i, ó gbọ́dọ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà kan tí kì í sùn tọ̀sán-tòru, tí ó sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà gbogbo, tí ń fún ẹnikẹ́ni tí ó bá béèrè ní ojú-ewé tí ó fẹ́. Irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ni a ń pè ní sáfà.

Láti ọjọ́ tí ìkànnì ti dé ni ọ̀ràn àìsùn yìí ti wà. Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó kọ ìwé àbá rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1989, nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní CERN, ilé-iṣẹ́ ìwádìí sáyẹ́ǹsì tí ó wà nítòsí ìlú Geneva ní ilẹ̀ Switzerland. Nígbà tí ọdún 1990 yóò fi parí, sáfà àkọ́kọ́ ti ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà NeXT tí ó wà ní ọ́fíìsì rẹ̀. Wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ kọ̀ǹpútà náà lára, wọ́n fi yíǹkì pupa kọ ọ́ pé sáfà ni, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa á. Kò sí ìkànnì mìíràn ní gbogbo ayé nígbà náà. Bí ẹnì kan bá ṣèèṣì pa ẹ̀rọ kan ṣoṣo yẹn, gbogbo ìkànnì ayé ti pa nìyẹn. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1993 ni CERN fi iṣẹ́ náà lé gbogbo ayé lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Nítorí pé iná lè lọ nígbàkígbà nínú ilé ẹni, tí àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà ilé sì máa ń yí padà, àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa gba ìkànnì ẹlòmíràn sílé. Wọ́n ní sáfà púpọ̀, wọ́n ní jẹnẹrétọ̀, wọ́n ní ẹ̀rọ amúlétutù, wọ́n sì ń pín àyè orí sáfà fún àwọn oníbàárà bí ìgbà tí a ń pín ìsọ̀ nínú ọjà. Ẹni tí ó bá san owó yóò gba àkáǹtì, èyí ni ìsọ̀ tirẹ̀. Owó ìsọ̀ yàtọ̀ sí owó orúkọ. Orúkọ ìkànnì ni àwọn ènìyàn yóò máa tẹ̀ láti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ètò kan tí Paul Mockapetris gbé kalẹ̀ ní ọdún 1983, tí a ń pè ní DNS, ni ó ń sọ orúkọ náà di nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ ara wọn. Ní Nàìjíríà, ẹgbẹ́ NiRA ni ó ń bójú tó àwọn orúkọ tí ó parí sí .ng, èyí tí .sch.ng ti àwọn ilé-ìwé wà lára wọn.

Ìsọ̀ ti wà. Báwo ni ọjà yóò ṣe dé ibẹ̀? Ohun ìyanu ni pé ọ̀nà tí a fi ń kó fáìlì láti inú kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn ti wà ṣáájú ìkànnì fún nǹkan bí ọdún 20. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin ọdún 1971, Abhay Bhushan, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà tí ó wà ní MIT ní Amẹ́ríkà, kọ òfin àkọ́kọ́ fún ọ̀nà tí a ń pè ní FTP. Ọ̀nà méjì ni FTP máa ń là: ọ̀kan fún àṣẹ, ọ̀kan fún ẹrù. Orí ọ̀nà àṣẹ ni kọ̀ǹpútà ti ń wí pé, "Ṣí fódà yìí," tàbí "Gba fáìlì yìí". Orí ọ̀nà kejì ni fáìlì fúnra rẹ̀ ń gbà kọjá.

Ṣùgbọ́n FTP ní àbùkù kan. Láyé ìgbà tí wọ́n ṣe é, àwọn tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kéré, wọ́n sì mọ ara wọn. Nítorí náà, ìhòòhò ni ó máa ń rán ọ̀rọ̀ àṣírí lọ. Ó dà bí ẹni tí ó so kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ mọ́ òkè ẹrù inú ọkọ̀, tí gbogbo èrò ń rí i. Ní ọdún 1995, àwọn olè bẹ̀rẹ̀ sí í jí ọ̀rọ̀ àṣírí gbé lórí ọ̀nà kọ̀ǹpútà yunifásítì kan ní ilẹ̀ Finland. Tatu Ylönen, tí ó ń ṣe ìwádìí níbẹ̀, wá ṣe ohun tí a ń pè ní SSH, tí ó ń fi àrokò di ọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá dá a lọ́nà kò ní lè kà á. Orí SSH yìí ni SFTP ń gùn. Èbúté 21 ni FTP máa ń bá wọlé, èbúté 22 sì ni ti SFTP. Nígbà tí ó di ọdún 2021, Chrome àti Firefox, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ka ìkànnì, yọ FTP kúrò nínú iṣẹ́ wọn. Bí ilé-iṣẹ́ bá fún ènìyàn ní SFTP, kí ó má ṣe padà sí FTP lásán.

Iṣẹ́ gbígbé fáìlì bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ohun kìn-ín-ní ni kí a kó gbogbo fáìlì ìkànnì náà sínú fódà kan ṣoṣo. Ojú-ewé àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ máa jẹ́ index.html, nítorí pé òun ni sáfà máa ń wá nígbà tí àlejò bá dé tí kò dárúkọ ojú-ewé kankan. Ohun kejì ni orúkọ fáìlì. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Lórí kọ̀ǹpútà Windows, Olokun.JPG àti olokun.jpg kò yàtọ̀ sí ara wọn. Ṣùgbọ́n Linux ni ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ sáfà, ọmọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni Linux kà wọ́n sí. Ọmọbìnrin wa lè rí aṣọ Olókun kedere nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, kí ó gbé e dé orí sáfà, kí ó sì bá àyè òfìfo níbi tí àwòrán yẹ kí ó wà. Lẹ́tà kékeré ni kí a máa fi sọ gbogbo fáìlì lórúkọ, kí a má fi àlàfo sí i, kí a má sì fi àmì sí i lórí tàbí nísàlẹ̀.

Ṣùgbọ́n inú ojú-ewé yàtọ̀ sí orúkọ fáìlì. Èdè Yorùbá kò gbọ́dọ̀ wà ní ìhòòhò láìní àmì. Ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ, ọkọ̀ sì yàtọ̀ sí méjèèjì. Kí àwọn àmì yìí má baà túká dà bí àgbàdo tí adìẹ tú, a gbọ́dọ̀ fi ètò UTF-8 tọ́jú fáìlì náà, kí a sì kọ ọ́ sí orí ojú-ewé pé <meta charset="utf-8">. Ken Thompson àti Rob Pike ni ó ṣe UTF-8 ní ọdún 1992, òun ni ó sì mú kí ẹ, ọ àti ṣ lè dé ibikíbi láìpàdánù ojú tàbí ẹsẹ̀ wọn. Ẹni tí ó bá gbàgbé ìlà kékeré yìí yóò rí i pé ọ̀rọ̀ ìyá àgbà ti di wótòwótò lójú àlejò.

Lẹ́yìn ìmúrasílẹ̀ ni ìrìn-àjò. Ilé-iṣẹ́ tí ó fún ni ní àkáǹtì yóò fún ni ní ohun mẹ́rin: orúkọ sáfà, orúkọ oníṣe, ọ̀rọ̀ àṣírí àti nọ́ńbà èbúté. A ó ṣí ẹ̀rọ tí ń kó fáìlì, bíi FileZilla, tí Tim Kosse bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2001, a ó sì kọ ohun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí ojú rẹ̀. Ojú FileZilla pín sí méjì: ọwọ́ òsì ni kọ̀ǹpútà ilé, ọwọ́ ọ̀tún ni sáfà. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí a bá fẹ́ wọlé pẹ̀lú SFTP, yóò fi àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà gígùn kan hàn, yóò sì béèrè bóyá a mọ sáfà náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í kà á, tí wọ́n kàn ń gbà. Ìtẹ̀ka sáfà ni. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá ti kọ tirẹ̀ sí ibi tí a lè rí i, ó yẹ kí a fi méjèèjì wéra, kí a má baà gbé ẹrù wa fún ẹni tí ó gbé agọ̀ ẹlòmíràn wọ̀.

Bí a bá ti wọlé, fódà púpọ̀ ni a ó bá níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo yàrá ni àlejò ń dé nínú ilé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni a ti ń gbà á. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ sáfà ni fódà tí a sábà máa ń pè ní public_html. Lọ́dọ̀ àwọn mìíràn, www tàbí htdocs ni orúkọ rẹ̀. Ohun tí ó bá wà nínú rẹ̀ ni ayé lè rí. Ohun tí ó bá wà lẹ́yìn rẹ̀ wà nínú ìyẹ̀wù. A ó ṣí i ní ọwọ́ ọ̀tún, a ó ṣí fódà ìkànnì wa ní ọwọ́ òsì, a ó mú gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀, a ó sì wọ́ wọn lọ sí ọ̀tún. Kí a ṣàkíyèsí pé ohun inú fódà ni à ń wọ́, kì í ṣe fódà fúnra rẹ̀. Bí a bá wọ́ fódà tí ń jẹ́ adire lódindi, àlejò tí ó bá tẹ orúkọ ìkànnì nìkan kò ní rí ojú-ewé wa, àfi bí ó bá fi /adire kún un.

Bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ẹni tí kò ní FileZilla lè gba inú ìkànnì ilé-iṣẹ́ náà wọlé, kí ó sì lo ibi tí a ń pè ní File Manager. Ibẹ̀ dára fún fáìlì díẹ̀. Bí fáìlì bá pọ̀, ó sàn kí a kọ́kọ́ dì wọ́n pọ̀ sínú fáìlì zip kan ní ilé, kí a gbé ẹyọ kan yẹn lọ, kí a sì tú u sílẹ̀ nígbà tí ó bá dé. Ẹrù kan tí a dì dáadáa yá ju ọgọ́rùn-ún ẹrù kéékèèké lọ, nítorí pé fáìlì kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìkíni àti ìdágbére tirẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹrù tí a kò kà kò tíì dé. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já lójú ọ̀nà, ààbọ̀ àwòrán ni yóò dé. Nítorí náà, kí a wo ìsàlẹ̀ ojú FileZilla, níbi tí ó ń to àwọn fáìlì tí ó kùnà sí, kí a sì tún wọn gbé. Lẹ́yìn náà, kí a lọ sí orí tẹlifóònù ẹlòmíràn, kí a tẹ orúkọ ìkànnì, kí a sì ṣí ojú-ewé kọ̀ọ̀kan. Bí a bá rí 404, sáfà kò rí fáìlì tí a béèrè. Kí a yẹ orúkọ rẹ̀ wò. Bí a bá rí 403, sáfà kọ̀ láti fi hàn wá, ó sì ṣeé ṣe kí ìwé àṣẹ fáìlì náà má tọ̀nà. Nọ́ńbà mẹ́ta ni ìwé àṣẹ yìí: kíkà jẹ́ 4, kíkọ jẹ́ 2, ṣíṣe iṣẹ́ tàbí wíwọ inú fódà jẹ́ 1. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ jẹ́ ti onílé, ìkejì ti ẹgbẹ́ rẹ̀, ìkẹta ti gbogbo ayé. 644 ni ó tọ́ sí fáìlì: onílé lè kà, ó lè kọ, àwọn yòókù lè kà nìkan. 755 ni ti fódà. Ẹni tí ó bá fi 777 sí i kí ọ̀ràn lè tètè parí ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, ó sì ti lọ sùn. Bí ó bá sì jẹ́ pé ojú-ewé àtijọ́ ni à ń rí lẹ́yìn tí a ti gbé tuntun lọ, kí a má kánjú. Tẹlifóònù ti fi ti àtijọ́ pamọ́, kí a ní kí ó tún un mú wá.

Wàyí o, ìbéèrè kejì tí ìyá àgbà béèrè ni ó kù: ta ni yóò máa ṣọ́ ọ? Ọ̀pọ̀ ń rò pé ohun tí ó bá ti dé orí íntánẹ́ẹ̀tì kò lè sọnù mọ́. Ìtàn kò gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà kan rí, GeoCities máa ń fún àwọn ènìyàn láyè láti gbé ojú-ewé wọn sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Yahoo rà á ní ọdún 1999, ó sì tì í ní oṣù kẹwàá ọdún 2009. Ojú-ewé àìmọye pa rẹ́, àyàfi èyí tí àwọn olùfipamọ́ sáré kó jọ. Ní òru ọjọ́ 10 oṣù kẹta ọdún 2021, iná sọ ní ilé sáfà ilé-iṣẹ́ OVHcloud ní ìlú Strasbourg ní ilẹ̀ Faransé, ó sì jó ilé kan run pátápátá. Ẹ̀mí kankan kò sọnù, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ Netcraft ṣírò pé ìkànnì tí ó lọ mílíọ̀nù 3.6 ni ó dákẹ́. Àwọn tí ó ní ẹ̀dà níbòmíràn padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí kò ní ká ọwọ́ lérí.

Àwọn baba wa ní, "Ojú lalákàn fi í ṣọ́rí." Ọ̀nà mẹ́ta ni ẹni tí ó ní ìkànnì gbọ́dọ̀ gbà ṣọ́ tirẹ̀. Èkíní, kí fáìlì tí ó wà nílé má ṣe kúrò nílé nítorí pé ẹ̀dà rẹ̀ ti dé orí sáfà; kí ẹ̀dà kẹta sì wà nínú ilé mìíràn, kí iná kan má baà jó gbogbo rẹ̀. Èkejì, kí ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ̀ gùn, kí ó má ṣe jẹ́ orúkọ ara rẹ̀ tàbí ọjọ́ ìbí rẹ̀, kí ó má sì lò ó níbòmíràn. Ẹ̀kẹta, kí ó kọ ọjọ́ tí owó ìsọ̀ àti owó orúkọ yóò pé sí ibi tí ojú rẹ̀ yóò máa tó, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìkànnì ni iná kò jó, tí olè kò jà, tí ó jẹ́ pé owó ọdún kan ṣoṣo tí a gbàgbé ni ó pa á.

Ọmọbìnrin wa lè wá padà sí ọ̀dọ̀ ìyá àgbà, kí ó sì dáhùn ìbéèrè rẹ̀ ní kíkún. Bí ó bá di ọjọ́ tí kò sí ẹni tí a lè bi mọ́ pé kí ni ìtumọ̀ ìlà tí ó wà lára aṣọ Olókun, ohun tí ó kọ sílẹ̀ nígbà ìsinmi ni yóò dáhùn. Ilé-iṣẹ́ tí ó gba owó yóò máa tan sáfà, ṣùgbọ́n kò mọ ìyá àgbà, kò sì mọ aró. Àwọn àgbà sì kìlọ̀ pé agbójúlógún fi ara rẹ̀ fún òṣì ta. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó gbójú lé sáfà ẹlòmíràn nìkan. Ẹni tí ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síbẹ̀ ni olùṣọ́ rẹ̀.